Onímọ̀ Ìrònú Nínú Ilé Ìtọ́jú Ìfun

Ẹni tí inú rẹ̀ ti ń run láti ọdún mélòó kan, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lónìí, tí ìgbẹ́ á tún há a mọ́ra lọ́la, tí ikùn rẹ̀ ń wú bó bá ti jẹun tán, kò retí pé ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ni dókítà yóò rán òun lọ. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ti ki ẹ̀rọ ayàwòrán bọ ìfun rẹ̀, wọn ò rí egbò, wọn ò rí kókó. IBS ni àwọn oníṣègùn ń pe ìṣòro yìí. Ìwádìí tí àjọ Rome Foundation gbé jáde ní 2021, tó ká orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà tó dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 4 ló ní in. Láti 2016 ni àjọ kan náà ti ń ka IBS mọ́ àwọn àìsàn tó ń ti inú àjọṣe ìfun àti ọpọlọ wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú ilé ìtọ́jú ìfun gan-an ló yẹ kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún àjọṣe náà ṣe jókòó sí. Kò yẹ kó máa dúró ní ìparí ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí oògùn kò ràn sí.

Pé ìfun àti ọpọlọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1822, ìbọn dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ Alexis St. Martin, òṣìṣẹ́ àwọn oníṣòwò awọ ẹranko ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ihò náà ò sì dí mọ́. William Beaumont, dókítà ológun tó ń tọ́jú rẹ̀, ń gba ibẹ̀ wo inú àpòlúkù rẹ̀. Nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1833, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí inú bá ti bí ọkùnrin náà, ara àpòlúkù rẹ̀ á yí padà. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù ni iṣẹ́ tí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ritchie gbé jáde ní 1973. Ó ki bàlúùnù kékeré sínú ìfun ńlá àwọn tó ní IBS àti ti àwọn tí ara wọn dá, ó sì ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó fẹ̀ dé ìwọ̀n mìlílítà 60, 55 nínú 100 àwọn aláìsàn ló ní ó ń dun àwọn. Nínú àwọn tí ara wọn dá, 6 péré ni. Bàlúùnù kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń gbé ìròyìn lọ sókè, àti bí ọpọlọ ṣe ń gbà á, ni kò dọ́gba: ajá tó yẹ kó máa gbó olè ti ń gbó onílé. Ìbẹ̀rù ló sì ń bọ́ ajá ọ̀hún. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ìgbẹ́ lè gbọ̀n òun nínú ọkọ̀ èrò á máa ṣọ́ inú ara rẹ̀, bó sì ṣe ń ṣọ́ ọ tó ni á máa gbọ́ gbogbo ohun tó bá dún níbẹ̀.

Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn kedere pé ajá yìí ṣeé tún kọ́. Peter Whorwell, tó jẹ́ dókítà ìfun, kó ọgbọ̀n aláìsàn jọ, àwọn tí IBS tiwọn le, tí oògùn ò sì ràn. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké. Apá kan gba hípínọ́sísì nígbà méje, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Apá kejì gba ìjíròrò pẹ̀lú oògùn tí kò ní èròjà kankan nínú. Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn Lancet ti 1984: inú rírun, inú wíwú àti ìdààmú ìgbẹ́ lọ sílẹ̀ gidigidi lára àwọn ti hípínọ́sísì, ìyípadà ara àwọn yòókù ò sì tó nǹkan. Ẹ má ro ti àwọn onídán orí ìtàgé tó ń mú ènìyàn kọ bí àkùkọ. Aláìsàn jókòó, ó dijú, ara rẹ̀ rọ̀, ó sì mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Olùtọ́jú á ní kó gbé ọwọ́ lé ikùn, kó kíyè sí ooru tó ń wọ ibẹ̀, tàbí kó fojú inú wo odò tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́, kí ìfun òun náà sì máa ṣàn bẹ́ẹ̀. Á tún máa dá a ṣe nílé. Ọ̀nà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní CBT. Nínú tirẹ̀, aláìsàn á kọ́ láti mọ èrò tó máa ń ṣáájú ìrora, á sì máa dán ìbẹ̀rù rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀: á jẹ oúnjẹ tó ti ń sá fún, á rìnrìn àjò láìkọ́kọ́ wádìí ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Àríwísí tó wúwo jù ni pé kò sẹ́ni tí a lè fún ní hípínọ́sísì kó má mọ̀, ìrètí lásán sì lè wo inú rírun sàn. Òótọ́ ni. Ní 2010, olùwádìí kan, Ted Kaptchuk, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ní IBS ní oògùn, wọ́n sì là á yé wọn pé kò sí èròjà kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, 59 nínú 100 rí ìtura, nígbà tó jẹ́ 35 láàárín àwọn tí kò gba nǹkan kan. Ohun tó yẹ ká béèrè ni bóyá hípínọ́sísì ju àfiyèsí àti ìrètí lọ. Àwọn ará Netherlands wádìí èyí lára ènìyàn 354, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2019. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nǹkan bí 41 nínú 100 àwọn tó dá gba hípínọ́sísì ló rí ìtura tó tẹ́ wọn lọ́rùn, 33 nínú àwọn tó gbà á lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, àti 17 péré nínú àwọn tó gba ẹ̀kọ́ àti ìfinilọ́kànbalẹ̀. Ẹ̀ka Manchester ní tirẹ̀ ti kéde ní 2015 pé 76 nínú 100 ló sàn díẹ̀ tàbí púpọ̀ nínú 1,000 aláìsàn àwọn. Èmi kì í fi 76 yẹn yangàn, torí kò sí àwọn tí wọ́n fi ṣe àfiwé, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n yàtọ̀. Mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà. Kì í ṣe kékeré.

Àtakò kejì ti ẹnu aláìsàn wá: ṣé wèrè ni wọ́n ń pè mí ni? Àwọn oníṣègùn ló fọwọ́ ara wọn fa èyí. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, gbé kalẹ̀ ní 2008 ní kí wọ́n ronú irú ìtọ́jú yìí fún ẹni tí oògùn kò bá ràn lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ẹni tó ti gbé oògùn mì fún odindi ọdún kan, tí wọ́n wá ní kó lọ rí onímọ̀ ìrònú, kí ni kó rò? Á rò pé ọ̀rọ̀ òun ti sú wọn ni. Bó bá jẹ́ pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fi bàlúùnù Ritchie ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ìtìjú kì bá tí wọ̀ ọ́.

Wọ́n á ní àwọn olùtọ́jú ò tó. Wọn ò tó lóòótọ́, ní Britain pàápàá, ká má tíì dé Nàìjíríà, níbi tí agbo jẹ̀díjẹ̀dí ti máa ń dé ẹnu ṣáájú ìbéèrè kankan. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí àwọn ará Southampton àti London ṣe lára ènìyàn 558, tó jáde ní 2019, fi hàn pé CBT orí tẹlifóònù, wákàtí mẹ́jọ lápapọ̀, àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olùtọ́jú kò lò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ nínú rẹ̀, ṣe àwọn aláìsàn láǹfààní ju ìtọ́jú tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí. Fún àwọn tí Yorùbá ni wọ́n fi ń ronú, èdè tó dé ọkàn wọn ló yẹ kí olùtọ́jú fi ṣe é. Gbèdéke kan wà tí mi ò ní yẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tó ń rù láìnídìí, tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó, tàbí tí inú dédé bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú lẹ́yìn ọmọ àádọ́ta ọdún, ẹ̀rọ ayàwòrán ló kọ́kọ́ kan irú wọn. Bí ẹ̀rọ náà ò bá wá rí nǹkan kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí dókítà kọ lẹ́tà sí onímọ̀ ìrònú.