Ẹ Ṣọ́ Nọ́ńbà Yín Ju Fóònù Yín Lọ

Ìwé ìlàlóye fún gbogbo ẹni tó ń lo fóònù

Ìwé kékeré yìí wà fún ẹni tó ń gba owó lórí fóònù, tó ń fi owó ránṣẹ́, tàbí tó ń bá ẹbí àti ojúlùmọ̀ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ì báà jẹ́ fóònù olówó ńlá lẹ ní, ì báà jẹ́ kékeré onítọ́ọ̀ṣì tí àwọn àgbà fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kàn yín. Àní, ẹni tó ń lo kékeré ló kàn jù, torí kóòdù báǹkì ló sábà ń lò, kóòdù yẹn kò sì nílò dátà rárá.

Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, síìmù kò ju ohun tí a fi ń pe ara wa lọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ nù, nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀ àti ìwọ̀nba owó ìpè tó kù níbẹ̀ ló sọ nù. Ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Lọ́dún 2014 ni àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ BVN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báǹkì, wọ́n sì so nọ́ńbà fóònù mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí oníkálukú so NIN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, mọ́ síìmù rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin ọdún 2022, síìmù tí kò ní NIN kò lè pe èèyàn mọ́. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ni àláàtì báǹkì ń wọlé sí, orí rẹ̀ ni OTP, kóòdù tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ń bọ́ sí, òun náà ni WhatsApp fi mọ̀ yín. Ó ti di kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo yàrá inú ilé.

Fóònù tó sọnù, bó ti wù kó wọ́n tó, owó la ó fi ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà bá bọ́ sọ́wọ́ olè, owó tí èèyàn ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ lè tán ní báǹkì kí ilẹ̀ tó mọ́. Síbẹ̀, àpò awọ àti gíláàsì ojú fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń náwó lé, a kì í ronú kan síìmù tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí olè ń ṣe lẹ́yìn tó bá jí fóònù

Ẹni tó ti fi ìka tàbí nọ́ńbà ti ojú fóònù rẹ̀ máa ń rò pé kò séwu mọ́. Títì yẹn dára, ẹ má yọ ọ́. Àmọ́ olè kò nílò àtiṣí fóònù. Yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ inú fóònù tirẹ̀, síìmù á sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ọwọ́ yín ló ṣì wà. Lẹ́yìn náà ló máa tẹ kóòdù báǹkì, kó sì máa dán PIN wò: 1234, 0000, ọdún tí wọ́n bí yín. Ó yà wá lẹ́nu bí àwọn tó ń fi ọdún ìbí ṣe PIN ṣe pọ̀ tó, nígbà tó jẹ́ pé ọdún ìbí wà lára káàdì ìdánimọ̀, ó wà lórí Facebook, ó sì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá wọn jẹ ìrẹsì ọjọ́ ìbí.

Èyí tó burú jù ni pé kí fóònù, káàdì ATM àti ìwé NIN jọ wà nínú báàgì kan náà. Ẹni tó bá já irú báàgì bẹ́ẹ̀ gbà nínú ọkọ̀ ti rí gbogbo ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè fi nọ́ńbà ara káàdì ṣe PIN tuntun, kí OTP sì wọlé sórí síìmù tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìwé NIN sílé. Bí ẹ bá máa mú káàdì ATM jáde, ẹ má fi sí ibi tí fóònù wà, ẹ má sì fi í sẹ́yìn àpò awọ fóònù láéláé.

Ẹ fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀

Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ rántí èyí. Síìmù ní títì tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí títì ojú fóònù. Bí PIN bá wà lórí síìmù, nígbà tí olè bá fi í sínú fóònù mìíràn, fóònù náà á béèrè PIN. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, síìmù kò ní pe èèyàn, kò ní gba OTP, kò sì ní tẹ kóòdù báǹkì kankan.

Lórí fóònù Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ààbò wà, ẹ máa rí SIM card lock níbẹ̀. Lórí iPhone, abẹ́ ibi tí dátà wà ni ẹ ó ti rí SIM PIN. Fóònù kékeré náà ní in. Kí ó tó jẹ́ kí ẹ fi tiyín sí i, á kọ́kọ́ béèrè PIN tí iléeṣẹ́ fi sórí síìmù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe méfò. Ẹ pe 300, tó jẹ́ nọ́ńbà ìtọ́jú oníbàárà fún gbogbo iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, kí wọ́n sọ ọ́ fún yín. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á ti ara rẹ̀ pa, á sì béèrè nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n ń pè ní PUK. PUK wà lára páálí tí wọ́n ti yọ síìmù. Bí ẹ bá tún ṣi PUK lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn, àfi kí ẹ gba òmíràn.

Bí ẹ bá ti fi í sí, PIN yìí ni fóònù á máa béèrè nígbàkigbà tí ẹ bá pa á tí ẹ sì tún tàn án. Ìnira díẹ̀ wà nínú rẹ̀, pàápàá fún àgbàlagbà. Kí ọmọ kan nínú ilé bá wọn mọ nọ́ńbà náà.

Orúkọ ta ló wà lórí síìmù yín?

Bí síìmù bá sọnù, a máa ń lọ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí welcome back ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù, ibi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà àtijọ́ sórí síìmù tuntun. Ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà náà nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń rí ìṣòro. Màmá kan ń lo nọ́ńbà láti ọdún pípẹ́, gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ́jà ló mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ni owó àjọ ń wọlé sí, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti lọ sí Kánádà ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí síìmù bá sọnù, ìdààmú dé.

Ẹ tẹ *996# lónìí kí ẹ wò bóyá NIN wà lórí nọ́ńbà yín. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ni, ẹ mú ẹni náà dání lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ fóònù nígbà tó ṣì wà nítòsí, kí wọ́n yí i sí orúkọ yín. Ẹ má sì ra síìmù tí wọ́n ti forúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ fún lábẹ́ agboorùn lẹ́bàá títì, bó ti wù kó rọrùn tó. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín lówó kó lè ya fọ́tò NIN yín tàbí kó gba ìtẹ̀ka yín, ẹ lé e lọ. Wọ́n lè fi orúkọ yín gba síìmù tí wọn yóò fi ṣe jìbìtì.

Nọ́ńbà tí a kò lò

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ní síìmù méjì, ó sì kan àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti ibòmíràn, tí nọ́ńbà Nàìjíríà wọn ṣì wà lórí àkáǹtì báǹkì. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ni pé bí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí nọ́ńbà kan kò pe èèyàn, tí kò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, tí kò sì lo dátà, iléeṣẹ́ lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rà á kò mọ nǹkan kan, àmọ́ àláàtì yín á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un, OTP yín náà. Ẹ fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pe èèyàn lóòrèkóòrè. Bí ẹ kò bá fẹ́ lò ó mọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ sí báǹkì kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí àkáǹtì àti BVN yín.

Gbájúẹ̀ tí kò fọwọ́ kan fóònù yín

Kì í ṣe gbogbo olè ló ń já báàgì gbà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń gba nǹkan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá: nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp tàbí báǹkì fi ránṣẹ́ sí yín.

Bó ṣe sábà ń rí nìyí. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa, ọmọ ìjọ yín tàbí ẹni tí ẹ jọ lọ iléèwé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi kà á.” Nígbà mìíràn, wọ́n á ní ìpàdé ẹgbẹ́ fẹ́ wáyé lórí Zoom, pé kóòdù náà ni wọn yóò fi forúkọ yín sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́kọ́ gba WhatsApp lọ́wọ́ ẹni tí ẹ rò pé ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ló kàn. Bí ẹ bá ti ka kóòdù yẹn, WhatsApp yín ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn àna yín, ọ̀gá yín àti àwọn ọmọ yín, ní orúkọ yín.

Kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fóònù tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ OTP tàbí PIN lẹ́nu yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni, kódà bó bá pe orúkọ yín ní kíkún, tó sì mọ BVN yín sórí. Bó bá ní wọ́n máa ti àkáǹtì yín pa lónìí, ẹ pa fóònù dé, kí ẹ sì fẹsẹ̀ yín rìn dé báǹkì.

Ẹ̀tàn mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́. Ẹnì kan á ní iléeṣẹ́ fóònù ni òun ti ń pè, pé kí ẹ tẹ *21* kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lè dára sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìpè tó yẹ kó wọlé fún yín ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, títí kan èyí tí WhatsApp fi ń ka kóòdù sétí èèyàn. Láti mọ̀ bóyá wọ́n ti darí ìpè yín lọ síbòmíràn, ẹ tẹ *#21#. Láti fòpin sí i, ẹ tẹ ##002#.

Lórí WhatsApp fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wọ Account, kí ẹ sì tan Two-step verification. Nọ́ńbà mẹ́fà ni yóò ní kí ẹ yàn. Láti ìgbà náà lọ, kóòdù nìkan kò ní tó olè láti wọlé mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tọrọ owó lọ́wọ́ yín lórí WhatsApp, ẹ pè é lórí nọ́ńbà rẹ̀ gan-an, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀, torí ẹ̀rọ ti ń fara wé ohùn èèyàn báyìí.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má wá fóònù kiri kí ẹ tó ṣe ohun tó yẹ. Ẹ yá fóònù ẹni tó bá wà nítòsí, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí wọ́n dí àkáǹtì yín. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní kóòdù tí èèyàn lè fi dí i láti orí fóònù ẹlòmíràn; ẹ béèrè ti báǹkì yín kí ọjọ́ burúkú tó dé, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, torí èyí tó wà nínú fóònù tó sọnù kò lè ràn yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pe 300 kí wọ́n ti nọ́ńbà yín pa. Kí ẹ sì lọ ṣe welcome back lọ́jọ́ náà gan-an bó bá ṣeé ṣe.

Bó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n gbà, ẹ tún fi nọ́ńbà yín wọlé, ẹ tẹ kóòdù tó bá wá. Yóò ju olè náà sóde. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ máa dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè wọlé, àmọ́ òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Ẹ tètè kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín.

Bí ẹ bá lọ fẹjọ́ sùn, àwọn ọlọ́pàá á béèrè IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù. Ẹ tẹ *#06# nísinsìnyí, nọ́ńbà 15 tó bá jáde ni kí ẹ kọ sílẹ̀ nílé.

Bí owó bá ti lọ, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí báǹkì, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí báǹkì àpapọ̀, CBN, ní cpd@cbn.gov.ng. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ fóònù ni kò dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ̀ nípa fóònù, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún délé, ẹ jókòó ti ìyá àti bàbá yín. Ẹ bá wọn fi PIN sí síìmù, ẹ bá wọn tẹ *996#, kí ẹ sì bá wọn kọ nọ́ńbà báǹkì sórí ìwé ńlá tí ojú wọn lè ka. Ẹ fi sùúrù ṣe é.