Ta Ni Yóò Kọ Ìròyìn Ìlú Wa?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ta ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Arsenal lánàá, kò ní ronú kí ó tó dáhùn. Ẹ wá bi í pé kí ni àwọn kánsílọ̀ jókòó lé lórí lóṣù tó kọjá, orí ni yóò mì. Kì í ṣe pé ọ̀dọ́ náà ya aláìbìkítà. Ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn tí ń kọ ọ́. Ìròyìn Òkè-Agbò àti Òkè-Ṣópin ni kò ní.

Bẹ́ẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni iye rẹ̀. Ìbí, ikú, ìrìbọmi, ta ló dé, ta ló lọ: irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ agboolé kò kéré jù láti jẹ́ ìròyìn lójú wọn. Nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní 1867, ìwé náà dákẹ́.

Ní Àgọ́-Ìwòyè lónìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ. Mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé oníròyìn ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà? Kí Olóyè Ọnàbáńjọ tó di gómìnà ní 1979, ó ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lábẹ́ orúkọ Ayékòótọ́. Odídẹrẹ́ ni à ń pè bẹ́ẹ̀, ẹyẹ tí ń sọ ohun tó rí, tí ayé kò sì fẹ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ní Ìwópin, ní Ògùn Waterside, ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa ṣe bébà ìkọ̀wé àti ìtẹ̀wé. Igi gmẹ̀línà tí wọ́n gbìn sí igbó Ọmọ̀ ni wọ́n fẹ́ máa lò. Ọdún gbọọrọ ni ẹ̀rọ ibẹ̀ fi dákẹ́. Oníròyìn láti Èkó lè wá lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ ọ́, kí ó sì padà sílé. Ẹni tó ń gbé Abìgí, tó mọ àwọn ẹbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò rí ibi tí yóò kọ tirẹ̀ sí.

Ẹ lè wí pé WhatsApp àti Facebook ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Òótọ́ ni pé ìròyìn òkú àti ìgbéyàwó ń yára dé. Ṣùgbọ́n àgbọ́sọ ń bá a rìn, kò sì sí ẹni tí a lè mú bí ó bá já sí irọ́. Ilé àyágbé sì ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Meta dínà ìròyìn lórí Facebook àti Instagram ní Kánádà, nítorí òfin tó ní kí wọ́n máa sanwó fún àwọn ilé ìròyìn. Ní erékùṣù Salt Spring níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 12,000, wọ́n ti ní Driftwood, ìwé ìròyìn tiwọn, láti ọdún 1960. Nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn tì, wọ́n ṣì ní ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ mẹ́ta pín iṣẹ́: kí ọ̀kan máa lọ sí ìpàdé kánsù, kí èkejì máa béèrè iye ẹja àti owó ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, kí ẹ̀kẹta máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó jáde. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ ní èdè Yorùbá tó. Kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kí a sì tún un ṣe ní gbangba bí a bá ṣì í. Akéde ayé àtijọ́ kì í fi ojú pamọ́. Gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó rán an.

Bí a kò bá kọ ọ́, àwọn tó ṣe é náà ni yóò máa sọ fún wa bí wọ́n ṣe ṣe é.