IṢẸ́ IGBÁKEJÌ OLÙDARÍ NÍNÚ ERÉ OLÓRIN

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí ni mo fi ń dá àwọn tí ó bi mí lóhùn pé, kí ni igbákejì olùdarí ń ṣe nígbà tí olùdarí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo Ọba Kò So, eré tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì gbé lọ sí Berlin ní 1964. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe Ṣàngó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí ìtàgé kò lè jókòó síwájú kí ó máa wo ara rẹ̀. Ojú kejì ni yóò bá a wò ó.

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ṣe eré yìí, olùkọ́ wa ni olùdarí, àwọn náà ni Ṣàngó. Wọ́n sì fi mí ṣe igbákejì. Ìwé kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ibi tí òṣèré kọ̀ọ̀kan dúró sí, ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú orin, àti ìlù tí ó ń pe ijó. Alábòójútó ìtàgé ń ṣọ́ iná, aṣọ àti àkókò. Èmi ń ṣọ́ ohun tí olùdarí ní lọ́kàn. Èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn adípò, ìyẹn àwọn tí yóò bọ́ sí ipò òṣèré tí ó bá ṣàìsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ wa rìnrìn àjò. Mo rò pé ìtàgé yóò dùn ún wò sí i bí àwọn elégbè bá bọ́ sí apá ọ̀tún, mo bá ṣí wọn. Nígbà tí olùkọ́ dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ijó bàtá, ìlù kò bá ẹsẹ̀ mu mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ní:

"Ta ni o bi kí o tó ṣí wọn?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò bi ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ onílù ìyáàlù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn elégbè ti bo ẹsẹ̀ oníjó mọ́ ọn lójú. Nínú bàtá, ẹsẹ̀ àti ìlù jọ ń sọ̀rọ̀ ni. Mo ti kọ ibi tí elégbè dúró sí sínú ìwé, n kò kọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ohun gbogbo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a ń ṣeré, ohùn ẹni tí ń ṣe Ọya há. Adípò rẹ̀ mọ orin, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí Ọya fi ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé e. Mo ṣí ìwé mi: ó ń dúró kí ìlù sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí ó yé e, ẹ̀rù kò bà á mọ́. Eré náà sì lọ déédéé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí a fi ilé ṣọ́ lè gbá ilẹ̀, ó lè tan iná. Ṣùgbọ́n kí ó bi onílé kí ó tó wó ògiri.