Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Fi Orúnkún Ṣèṣe: Dókítà Wo Ni Kí Ó Tọ̀ Lọ?

Ọ̀ràn kan kì í tán nínú àwọn ìwé tí ẹ ń kọ sí mi: ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ó yí padà lójijì, orúnkún rẹ̀ dún "pá", ó ṣubú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú bí àgbọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wíwú lọ, ó tún sáré lọ sí pápá. Ẹsẹ̀ sì tún yẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Àwọn òbí a wá bi mí pé, "Ta ni kí a mú un lọ bá?" Èsì mi nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó bàjẹ́. Nínú orúnkún, àwọn iṣan líle bí okùn ni ó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun. Ohun rírọ̀ bí tìmùtìmù sì wà láàrin wọn. Fọ́tò X-ray lè fi hàn pé eegun kò ṣẹ́, kí iṣan sì ti já, nítorí X-ray kì í fi iṣan hàn. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ bí a ti í dán orúnkún wò, àti àwòrán tí à ń pè ní MRI, ni í tú àṣírí. Ẹni tí ó bá ń sáré lórí irú orúnkún bẹ́ẹ̀ lè ya tìmùtìmù náà, kí làkúrègbé sì bá a kí ó tó darúgbó.

Ní ọjọ́ ìjàǹbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi omi gbígbóná tàbí òróró wọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Èmi kò bú àwọn tí ń to eegun, ṣùgbọ́n bí a bá fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè rìn, ẹsẹ̀ a sì kú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni a ti gé ní ilẹ̀ wa nítorí èyí. Bí ẹsẹ̀ bá tutù, bí kò bá mọ ìfọwọ́kàn, tàbí bí orúnkún bá kúrò ní ipò rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ní kí dókítà ìtòsí yín kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó ṣèṣe, tàbí sí UCH ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo dókítà eegun ni ó ń tún iṣan orúnkún ṣe. Ẹlòmíràn, ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn, eegun tí ó ṣẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹ wádìí bí orúkọ rẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ Medical and Dental Council of Nigeria, àti bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí West African College of Surgeons tàbí ti National Postgraduate Medical College. Kí ẹ sì bi í pé:

"Orúnkún eléré mélòó ni ẹ tọ́jú lọ́dún tí ó kọjá? Ǹjẹ́ a lè wò ó láìlo abẹ? Ta ni yóò máa kọ́ ọmọ náà ní bí a ti í na ẹsẹ̀ lẹ́yìn náà? Èló ni gbogbo owó rẹ̀?"

Bí ó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ wá òmíràn. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ṣèlérí pé ní oṣù mẹ́ta ọmọ yóò padà sí pápá. Bí a bá fi abẹ tún okùn àárín orúnkún ṣe, ó kéré tán oṣù 9 ni kí a fi sinmi ìdíje. Ẹ rántí Ronaldo ọmọ Brazil. Iṣan iwájú orúnkún rẹ̀ ya ní November 1999. Ó padà ní April 2000, kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pápá tí ó fi já pátápátá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gérard Saillant tún un ṣe ní Paris, ó sì sinmi ju ọdún kan lọ. Ní 2002, ó gbá góòlù 8 wọlé, Brazil sì gba ife àgbáyé.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù bá ń kánjú, ẹ̀yin òbí ẹ má kánjú. Ìdíje ń bọ̀ lọ́dọọdún; orúnkún ọmọ yín kò ní ààrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.