Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín AA àti SS?

Ní Ọ̀fà, bíi káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àfẹ́sọ́nà kì í pẹ́ gbọ́ ìbéèrè yìí: kí ni jẹ́nótáípù yín? Ohun kékeré ló ń bẹ nídìí rẹ̀. Odindi ẹ̀dà DNA kan nínú sẹ́ẹ̀lì wa tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà, oríṣi mẹ́rin péré sì ni: A, T, G àti C. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo DNA rẹ̀ kọ. Bó bá fẹ́ ṣe prótéènì, apá tó nílò nìkan ni yóò dà kọ sí RNA, yóò sì máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta.

Níbì kan nínú jíìnì hemoglobin, GAG ló yẹ kó wà. Lára ẹni tó jẹ́ SS, GTG ni. Ìyẹn nìkan ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tẹ̀ bíi dòjé, tí fòníkú-fọ̀ladìde fi ń dáni lóró!

Bí AS (ẹni tó ní ẹ̀dà GAG kan àti ẹ̀dà GTG kan) bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó dájọ́ ìgbéyàwó.