Bí Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Kékeré Ṣe Ń Yí Lábẹ́ Omi

Ọkọ̀ abẹ́ omi ni ọkọ̀ tí ó lè rì wọ inú omi, kí ó sì tún léfòó padà, láìjẹ́ pé omi kan àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ńláńlá jẹ́ ti ológun. Àwọn kékeré kì í sábà gbà ju ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1954, Georges Houot àti Pierre Willm, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wọ ọkọ̀ FNRS-3 lọ sí ìsàlẹ̀ òkun tí ó wà níwájú Dakar, ní jíjìn mítà 4,050. Rírì àti líléfòó ni iṣẹ́ ọkọ̀ náà gan-an. Èyí tí yóò bá rìn kiri nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yí dáadáa.

Ẹni tí ó bá ti dé Pàtégì ti rí bí atukọ̀ ṣe ń fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́kọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí a bá yí i sí òsì, omi yóò ti ìdí ọkọ̀ sí ọ̀tún, iwájú yóò sì kọ sí òsì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í tẹ̀lé iwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lọ bíi lọ́rì lórí ẹrẹ̀, eré rẹ̀ yóò sì dínkù. Nítorí náà, atukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó yí.

Bí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, ìtọ́kọ̀ kò lágbára, nítorí omi kò lù ú. Ìdí nìyí tí a fi ń fi abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń ti ọkọ̀ síwájú tí èkejì ń fà á sẹ́yìn, yóò yí lójú kan. Ọkọ̀ kò ní bíréèkì lábẹ́ omi. Bí a tilẹ̀ pa ẹ̀rọ, yóò ṣì máa yí díẹ̀ sí i. Atukọ̀ tí ó gbọ́n a máa yí abẹ̀bẹ̀ padà kí ọkọ̀ tó kọjú síbi tí ó ń fẹ́.

Kí ni kì í jẹ́ kí ó dojú dé? Ìsàlẹ̀ ni a ń kó bátìrì àti òjé sí, bí igbá tí a fi òkúta sí nídìí. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ tí ó ní ilé gíga lórí bá yára yí, omi yóò ti ilé náà, ọkọ̀ yóò sì tẹ̀ sí inú ìyípo. Iwájú rẹ̀ lè gbé sókè tàbí kí ó tẹ̀ba, kí jíjìn rẹ̀ sì yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1973, ọkọ̀ Johnson Sea Link há mọ́ àlòkù ọkọ̀ ogun kan tí ó ti rì nítòsí Key West ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Ó lé ní ọjọ́ kan kí a tó fà wọ́n jáde, méjì sì ti kú. Ibi tí irin àti okùn bá wà, yíyí kékeré kan lè di ẹ̀wọ̀n.

Ní ìparí, ìrọ̀rùn ni ọgbọ́n títu ọkọ̀ abẹ́ omi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.