Ilé Ẹni Méjì, Ìwé Ẹni Kan

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá là tí kò kọ́lé, àwọn ẹbí rẹ̀ kì í yé bi í léèrè. Bí ó bá sì kú ní ipò ayálégbé, ọ̀rọ̀ náà yóò máa jáde lẹ́nu àwọn aláròyé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé àwọn tí owó ilé ti sú ní Èkó ń kó ẹrù wọn kọjá Máìlì 12 lọ sí Ìkòròdú, Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà, tí àwọn mìíràn sì ń gba ọ̀nà Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Aginjù ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń pe ibẹ̀. Wọ́n a ní, “Ṣé ibi tí ẹ ń lọ rèé?” Àwọn a sì dáhùn pé ibi tí a bá pè ní tẹni ni ìgboro.

Ẹ̀yin ònkàwé wa, àwọn tọkọtaya tí ń lọ kọ́lé sí irú aginjù bẹ́ẹ̀ ni àwa fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Kì í ṣe ti ejò, tàbí ti òkùnkùn, tàbí ti ẹrẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ìwé pélébé kan tí ó wà nínú àpótí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo tọkọtaya kan, irú èyí tí kò wọ́n ní àdúgbò wa. Ọkọ jẹ́ akọ̀wé. Aya ń ta ẹja tí ó ń rà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Àjọ tí aya kó ni wọ́n fi kún owó oṣù ọkọ kí wọ́n tó lè ra pùlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Ọdún kan kọjá kí wọ́n tó rí owó ṣán igbó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ béèrè owó. Nígbà tí ògiri dé ojú fèrèsé, wọ́n tún béèrè. Nígbà tí igi òrùlé dé, wọ́n tún yọjú. Aya ni ó ń se oúnjẹ fún àwọn bíríkìlà. Òun ni ó ń pọn omi kí kànga tó kan omi. Òun ni ó ń jókòó ti yanrìn kí olè má baà kó o. Ní ọdún tí owó oṣù ọkọ kò jáde lásìkò, ẹja ni ó ra páànù.

Wọ́n kó wọlé kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, aṣọ ni wọ́n ta sí ojú fèrèsé, kò sí iná, aládùúgbò kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ní òru àkọ́kọ́ tí òjò rọ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù ara wọn, tí kò sí onílé tí yóò kan ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀, ayọ̀ wọn kò ṣeé fẹnu sọ.

Ǹjẹ́ ẹ ṣí àpótí kí ẹ wo rìsíìtì ilẹ̀ náà. Orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Orúkọ ọkọ nìkan. Orúkọ ọkọ náà ni sọ́fíyọ̀ kọ sí ìwé rẹ̀. Rìsíìtì páànù ńkọ́? Ó ti sọnù. Ẹni tí ó sì pọn omi, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni ìyẹn já mọ́ láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn ara wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ilé ẹjọ́ ti sọ. Ní ọdún 1929, nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies, adájọ́ sọ pé ní àṣà Yorùbá aya kò lè jogún ọkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu òun Sunmonu, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà nígbà náà tún un sọ. Ní 1962, ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu ti Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, a sì fi múlẹ̀ pé ìdí-igi ni kí a fi pín in: ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ìyá ni a fi ń ka igi, àwọn ọmọ ni ó ń jẹ èso. Aya tí kò bímọ ńkọ́?

Kì í ṣe ikú nìkan ni ó ń dá irú ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Amadi òun Nwosu, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1992, ọkọ ti ta ilé, aya sì sọ pé àwọn méjèèjì ni ó jọ kọ́ ọ. Àwọn adájọ́ fẹ́ mọ ohun tí ó mú wá gan-an àti bí ó ti pọ̀ tó. Kò lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ó sì pàdánù. Lóòótọ́, ní 2014 ilé ẹjọ́ kan náà bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà kan ní Awka, ní ilẹ̀ Ìgbò, tí ó ń fẹ́ lé opó tí kò bí ọmọkùnrin jáde kúrò nílé ọkọ rẹ̀. A dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ó bá rìn dé ọ̀dọ̀ wọn, yóò ti jẹ owó ilé tán lọ́nà.

Àwọn ọkùnrin kan yóò wí pé obìnrin tí ó bá ń béèrè orúkọ lórí ìwé, ikú ọkọ rẹ̀ ni ó ń wò lójú. Àwa kò gbà. Ẹni tí ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn kò gbàdúrà kí ìjì jà. A kò sì dá àwọn ọkùnrin nìkan lẹ́bi. Aya tí ó ra ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, tí ó sì jẹ́ kí ọkọ fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́lé sórí rẹ̀, ohun kan náà ni ó ń ṣe.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí tọkọtaya jọ lọ rí àwọn tí ó ni ilẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Olúwa jàre rẹ̀ ní London ní 1921 ni a ti mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ti ẹnìkan. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ni kí ó jọ fọwọ́ sí i. Títa tí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀, asán ni. Kí sọ́fíyọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ wádìí bóyá ìjọba ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà tàbí ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì, lórí ìwé sọ́fíyọ̀ àti lórí ìwé títà. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ kedere bóyá ẹni tí ó bá kẹ́yìn ni yóò ni gbogbo rẹ̀, tàbí olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀. Nítorí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, kí wọ́n gba ìfọwọ́sí gómìnà, kí wọ́n sì forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Aláùsá. Ó ń náni lówó, a mọ̀. Kò tó owó ilé.

Ẹ̀kẹta, kí ọkọ àti aya kọ ìwé ìhágún. Ẹni tí ó bá ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní àṣẹ, òfin Èkó fún un ní ìpín nínú ogún ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Ṣùgbọ́n ìpín nínú ogún ọkọ ni èyí. Ilé tí obìnrin fi owó ara rẹ̀ kọ́ kì í ṣe ogún ọkọ rẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ń fi agbára gba ilẹ̀, òfin tí Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí ní oṣù August 2016 dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún irú wọn. Ó dára kí olóko mọ òfin yìí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó lè dáàbò bo ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ń lọ wo ilẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, aginjù yóò di ìgboro. Ojú wa ni Ìkòròdú ṣe di ohun tí ó dà. Iná yóò dé, ọ̀nà yóò dé, ilẹ̀ yóò sì gbówó lórí. Ọjọ́ tí ó bá gbówó lórí ni àwọn ẹbí yóò wá wo ìwé. Kí wọ́n bá orúkọ méjì níbẹ̀.